Èmi Ni Mo Mú Kí Rákẹ́ẹ̀tì Àbúrò Mi Fúyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi tó wá ọ̀nà àbáyọ: rákẹ́ẹ̀tì tó wúwo kọ́ ló ba apá àbúrò mi jẹ́. Èmi ni. Ọdún méjìlélógún ni gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ti ń dá ohun tí kò lẹ́nu lẹ́bi, tí èmi tí mo lẹ́nu sì ń bá wọn mi orí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi tilẹ̀ gba ènì ọdún méjì lé e. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sáré lọ ròyìn fún àbúrò mi o, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ̀yin tó kà á. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kó ọmọ wá síbi tí a ti ń gbá tẹ́níìsì ni mo ń kọ ọ́ sí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń nawọ́ sí rákẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ jù lára ògiri mi, tí ẹ máa ń sọ pé, "Èyí ni kí ẹ fún un, kó má baà dà bíi ti obìnrin tí rákẹ́ẹ̀tì wúwo fa apá rẹ̀ ya." Obìnrin yẹn, àbúrò mi ni. Ìtàn tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, irọ́ tí mo pa ni.

Okùn rákẹ́ẹ̀tì ni mo ń so jẹun. Yàrá kan wà lẹ́yìn pápá, ó ní fèrèsé kan, tábìlì kan, ẹ̀rọ tí a fi ń fa okùn, àti òṣùwọ̀n kékeré kan bíi ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Àǹtí Onírákẹ́ẹ̀tì, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára débi pé mo máa ń jẹ́ ẹ lójú títì pàápàá. Ṣùgbọ́n èmi náà gbá tẹ́níìsì rí, ẹ má rò pé inú yàrá yẹn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá wa ló kọ́ èmi àti àbúrò mi lára ògiri ẹ̀yìnkùlé; ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Bàbá fà mí lé kóòṣì lọ́wọ́, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fèrè nítorí pé fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e kọ́rùn lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì méjì sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú, àwọ̀ kan náà, okùn kan náà. Ṣùgbọ́n ó ti ṣí ìdérí ìdí ọ̀kan, ó ti fi òjé pẹlẹbẹ mẹ́rin sínú ihò ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi òwú há wọn kí wọ́n má baà máa dún. Ìyẹn wọn ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù ó lé mẹ́wàá. Èkejì fi ogójì gíráàmù fúyẹ́ jù ú lọ. Ó ní kí n yan ọ̀kan.

Ó ṣàlàyé fún mi o, n kò ní parọ́ mọ́ òkú. Ó ní, "Èyí tó fúyẹ́ yìí, wàá tètè fì í, ó sì máa wu èèyàn wò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ ní agbára, agbára yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú nǹkan. Bí rákẹ́ẹ̀tì bá wúwo, rákẹ́ẹ̀tì ló máa gbà á. Bó bá fúyẹ́ jù, ìgúnpá rẹ ló máa gbà á. Èyí tó wúwo á kọ́kọ́ dá èjìká rẹ lágara, àmọ́ tó o bá fi sùúrù bá a, á gbè ọ́." Mo gbé èyí tó fúyẹ́, mo fì í, afẹ́fẹ́ dún fùù, àwọn ọmọbìnrin tó jókòó nítòsí pariwo. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Lọ́dún yẹn mo gba ife kan, ife kékeré tí ẹyẹ kò lè rí omi mu nínú rẹ̀, Màmá sì ya fọ́tò èmi àti ife, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. N kò mọ̀ pé àwọn tí mo ń nà kò tíì lágbára ni. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí bọ́ọ̀lù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kan àbúrò mi láti yan rákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò ju ọwọ́ ìgbálẹ̀ lọ nígbà náà. Tín-ín-rín ni a ń pè é nílé. Ó pa ojú dé, ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì, ó tún padà gbé ti àkọ́kọ́. Ó sọ fún Bàbá Fèrè pé, "Bàbá, èyí wúwo o. Àmọ́ ó jókòó sí mi lọ́wọ́." Màmá fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ tín-ín-rín báyìí lẹ fẹ́ kó máa gbé irin kiri? Ẹ fún un ní irú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jàre." Bàbá Fèrè rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, apá tó tín-ín-rín gan-an ló nílò ohun tó máa bá a jẹ ìyà." Tín-ín-rín gbé èyí tó wúwo lọ sílé. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń pàdánù fún gbogbo èèyàn, mo sì gbádùn oṣù mẹ́ta yẹn ju oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ le, kò sì sí ẹni tó tún gbádùn mọ́ àyàfi òun.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó nà mí níbi ìdíje ẹgbẹ́ wa, mẹ́fà sí ọ̀kan, mẹ́fà sí méjì. Ó sáré wá sídìí nẹ́ẹ̀tì, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan: ó nà mí tán, ó tún ń bẹ̀ mí. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Nígbà tí mo délé, Màmá ti yọ fọ́tò mi kúrò ní pálọ̀, ó ti fi ti àbúrò mi síbẹ̀, ó sì gbé tèmi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sórí ìṣó tí a máa ń fi ìgbálẹ̀ kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá Fèrè pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọwọ́ rẹ balẹ̀," ló wí, "okùn máa fẹ́ràn rẹ." Bí mo ṣe wọ yàrá yẹn nìyẹn. Nílé, ẹran tó tóbi nínú ọbẹ̀ di ti Tín-ín-rín. Màmá ní eléré ìdárayá ló ni ín, bíi pé èmi, eré ayò ni mo ti ń ta láti ọjọ́ yìí. Mo jowú rẹ̀. Kì í ṣe ìlara kékeré tí èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín o, owú tí orogún ń jẹ ni. Bí ó bá sín ní yàrá kejì, inú á bí mi. Ohun tó sì ń ta mí lára jù ni pé kò jí nǹkan mi kankan. Ohun tí wọ́n ní kí èmi náà yàn ló yàn.

Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì kan lókè òkun ní àwọn máa mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á sì kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ku àbúrò mi àti ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Òòlù nítorí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá borí ló ń lọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Tín-ín-rín wá bá mi ní yàrá okùn, ó ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgúnpá mi ń ta mí díẹ̀. Ẹ má sọ fún Màmá o, ẹ má sì sọ fún Bàbá Fèrè. Wọ́n á ní kí n sinmi." Èmi nìkan ló sọ fún. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi òróró gbígbóná wọ́ ọ fún un. Ọwọ́ mi wà lára ibi tó ń dùn ún, ọkàn mi sì ń ro ibòmíràn. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ọ̀sán tó ṣáájú ìdíje, òjò ń rọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lórí pápá. Ó ti gbé rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ pé kí n pààrọ̀ okùn, ó ti lọ sùn. Mo dojú rákẹ́ẹ̀tì náà délẹ̀, mo ṣí ìdérí ìdí rẹ̀, mo fa òwú jáde, òjé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já bọ́ sórí tábìlì. Mo dá òwú padà láìsí òjé. Mo wá fa okùn náà le ju bó ṣe yẹ lọ, kí ohunkóhun má baà dín agbára bọ́ọ̀lù Òòlù kù kó tó dé apá. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: igba gíráàmù ó lé àádọ́rin. Rákẹ́ẹ̀tì tí èmi yàn ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kó pàdánù ni, kó wá mọ bó ṣe ń rí lára. Irọ́ ni. Onírákẹ́ẹ̀tì ni mí, mo mọ ibi tí agbára bọ́ọ̀lù ń gbà lọ, mo sì mọ ìgúnpá tó ń dùn ún ju ẹnikẹ́ni lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bíi pé ó fúyẹ́." Bàbá Fèrè wà ní bíi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa, ó ń fa nẹ́ẹ̀tì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò fúyẹ́. Apá rẹ ló ti le sí i. O ò mọ̀ pé o ti dàgbà ni?" Ojú ọmọ náà tàn bíi ti ẹni tí wọ́n ra aṣọ tuntun fún. Láti ọjọ́ tó ti gbé rákẹ́ẹ̀tì, n kò yìn ín rí. Ìyìn àkọ́kọ́ tí mo fún un nìyẹn, ó sì fi gbogbo ara gbà á. Bàbá Fèrè gbójú sókè, ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ ibi tí Ọlọ́run ti fi mí ṣẹ̀sín: ó borí nínú abala kìíní. Rákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ náà ń fò lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì ń jowú tuntun lórí owú àtijọ́, pé rákẹ́ẹ̀tì tó já èmi kulẹ̀ tún ń ṣe dáadáa fún un. Nínú abala kejì, Òòlù bínú. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá ni mò ń rí bó ṣe ń wọ inú apá àbúrò mi. Tín-ín-rín pàdánù abala yẹn. Nígbà tí wọ́n ń sinmi, ó wá sídìí wáyà tó yí pápá ká, níbi tí mo dúró sí, ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá mú, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì yìí. Ó ń gbọ̀n wọ inú egungun mi. Ṣé kí n sọ fún Bàbá Fèrè kí wọ́n dá eré náà dúró?" Òjé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àpò aṣọ mi, mo ń fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo nílò láti dá wọn padà. Bí mi ò bá tilẹ̀ fẹ́ jẹ́wọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni, lọ sọ fún wọn" náà ti tó. Mo wò ó. Mo rí fọ́tò mi lórí ìṣó ìgbálẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ní, "Ṣé Òòlù lo fẹ́ sá fún? Gbogbo ayé ń wò ọ́. Yé é wá àwáwí, padà síbẹ̀." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Nínú abala kẹta, Òòlù gbá ọ̀kan wá sí ẹ̀gbẹ́, àbúrò mi na apá sí i, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀ kí n tó gbọ́ ìró rákẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Iṣan ìgúnpá rẹ̀ ti já.

Nígbà tí àwọn yòókù ń gbé e lọ sínú ọkọ̀, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì náà nílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú, mo wọ yàrá mi, mo dá òjé padà síhò rẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá Fèrè wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé rákẹ́ẹ̀tì náà sórí òṣùwọ̀n mi. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Ó jókòó sórí àpótí mi. "Èmi ni," ló wí. "Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo gbé ẹrù tó ju ọmọ lọ lé e lọ́wọ́." Mo bu omi fún un mu. Ẹ rí ọ̀dájú èèyàn? Mo bu omi fún un, n kò sì la ẹnu. Màmá bú u lójú gbogbo ẹgbẹ́, bàbá arúgbó náà bọ́ fèrè ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó lọ. Wọ́n ní níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn ìgbà náà, èyí tó fúyẹ́ jù ló ń fún gbogbo wọn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sì sunkún ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ rò pé owú tán? Kò tán. Àwọn àlejò ń kó èso wá fún Tín-ín-rín, Màmá ń fi ṣíbí bọ́ ọ, èmi sì jókòó sí igun kan, mo ń jowú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́rùn. Iṣẹ́ abẹ méjì ni wọ́n ṣe fún un. Apá náà kò nà tán mọ́ títí dòní. Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni báyìí, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé sára pátákó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kẹ́tùlù omi tó kún. Gbogbo ọdún yìí, èmi ló máa ń tọ́ka sí bí ó bá fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n rere ṣàpẹẹrẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wọ́ apá mi nígbà tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni." Màá jókòó síbẹ̀, màá máa gbọ́ ọ.

Ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ gíga tó ń gbá bọ́ọ̀lù bíi pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò mi fà á wọ yàrá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó fúyẹ́ jù ni kí ẹ fún un o. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ èyí tó wúwo." Mo sì fún un. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo tún fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọ náà dá wá, ó ti ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ìgúnpá mi ń ta mí díẹ̀. Ẹ má sọ fún Mọ́mì o." Ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, mo jókòó sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, apá kejì ló ń lọ yẹn, kò sì ní sí owú kankan tí mo lè fi ṣe àwáwí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà láti abẹ́ tábìlì mi, mo lọ sílé àbúrò mi. Ó ń yẹ ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ òsì. "Rákẹ́ẹ̀tì mi!" ló pariwo, "ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Mo gbà á padà. Mo ṣí ìdérí rẹ̀ lójú rẹ̀, mo to òjé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé àwọn ọmọ náà, mo dé e, mo tún gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó pa ojú dé bó ti ṣe nídìí bẹ́ǹṣì ọjọ́ sí. Ó tún gbé e sókè. Ojú rẹ̀ ti yí padà kí n tó la ẹnu. "Èyí ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà," ló wí. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, mo sọ gbogbo rẹ̀, ti òjé, ti okùn, ti ìdí wáyà, mo sì sọ fún un pé ìgúnpá ọmọ rẹ̀ ń dùn ún. Kò bi mí ìdí tí mo fi ṣe é. Ó ní, "Apá mi mọ̀ pé ó fúyẹ́. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́." Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Fèrè ńkọ́?" Ó kó òjé náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó di rákẹ́ẹ̀tì náà mú mọ́ àyà. "Ẹ máa lọ sílé, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, n kò gbúròó rẹ̀. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ rẹ̀ ló jáde tó ní kí n mú sùúrù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ rẹ̀ wọlé sí mi. Ìgúnpá rẹ̀ ti ń sàn. Ó ti sinmi fún oṣù kan, ìyá rẹ̀ sì ti gbé rákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn fún un pẹ̀lú òjé nínú ihò rẹ̀. Okùn ló fẹ́ kí n pààrọ̀. Kó tó gbé e fún mi, ó yọ òṣùwọ̀n ilé ìdáná kan nínú báàgì rẹ̀, kò wò mí lójú. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mọ́mì ní kí n wọ̀n ọ́n lójú yín kí ẹ tó gbà á, kí n sì tún wọ̀n ọ́n lójú yín bí ẹ bá parí." Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Mo so okùn náà, ó dúró tì mí títí mo fi parí. Ó tún gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Ó kí mi, ó lọ. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan. Onírákẹ́ẹ̀tì pọ̀ nílùú yìí. Èmi náà ló tún rán an sí.

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Fèrè, bàbá yín kò jẹ̀bi, òótọ́ ló kọ́ wa, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Tín-ín-rín, n kò ní kí o tètè forí jì mí. Bí o bá ṣì ń rán òṣùwọ̀n sí mi títí n ó fi kú, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àbúrò yín tàbí ọ̀rẹ́ yín ń ta yọ, bí inú yín bá ń ru, ẹ sá kúrò nídìí irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fọkàn tán yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi apá àbúrò mi dẹ́rù ba ọmọ yín mọ́; ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé méjèèjì wò, kó pa ojú dé. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ mú òṣùwọ̀n tiyín dání. N kò ní bínú.